Ọkọ̀ Tó Ń Fọ́n Iyọ̀

Ìlú tí omi ti ń di òkúta ni wọ́n ti gbé e wá.
Bẹ́ẹ̀ ni Múkáílà onírin wí, lọ́jọ́ tó fi òòlù lu ìdí rẹ̀
tí ohun funfun já bọ́ bí èépá ojú egbò.
Ó fi ìka kàn án, ó fi kan ahọ́n.
"Iyọ̀ ni," ó ní. "Iyọ̀ àwọn tí a ò mọ̀."
A rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, gbogbo wa tọ́ ọ wò.

Àpótí irin ni, ẹ̀yìn típà ló wà bí ọmọ tí a pọ̀n,
ẹnu rẹ̀ fẹ̀ lókè, ìdí rẹ̀ há bí ti àrọ.
Nísàlẹ̀, àwo pẹlẹbẹ kan ń pòòyì,
ohun tó bá bọ́ sórí rẹ̀ di ti ọ̀nà,
lọ́tùn-ún, lósì, bí ẹni ń ju àgbàdo sádìẹ.

Ọ̀nà wa kì í ṣe ọ̀nà ọba.
Láti ibi tí a ti ń fọ́ òkúta lẹ́yìn Aróje
dé ibi tí ọ̀dà ti bẹ̀rẹ̀,
máìlì méjì àtààbọ̀, amọ̀ pupa,
gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan láàárín tí à ń pè ní Má-wẹ̀yìn.
Ibẹ̀ ni Ọlágbénjó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lóṣù kẹsàn-án:
òjò ti rọ̀ mọ́jú, ó tẹ bíréèkì, ọkọ̀ ò gbọ́,
ogún tọ́ọ̀nù òkúta ń tì í lẹ́yìn bí ẹni tó wá sin gbèsè.
Ọ̀gá wa kò sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.
Lọ́jọ́ kẹrin ó lọ sí Èkó, ó mú àpótí yìí bọ̀.

Lójò, iyanrìn odò Ọbà là ń bù sí i.
Èmi ni mo ń dúró lẹ́yìn, okùn mọ́ ìbàdí,
mò ń fi igi gún un bó bá há.
Iyanrìn tutù a máa há bí ọ̀rọ̀ lọ́fun onítìjú.

Lọ́yẹ́, iyọ̀ ni.
Ẹ má bi mí pé kí nìdí. Èmi náà bi ọ̀gá;
ó ní iyọ̀ ń pe ìrì, ìrì ń mú eruku jókòó.
Ọgọ́ta àpò!
Ìyá mi, ìka mẹ́ta ló fi ń bù ú,
a sì gbọn èyí tó lẹ̀ mọ́ ìka padà sínú agolo.
Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọwọ́ mi ń gbọ̀n lórí okùn àpò
bí ẹni tí wọ́n ní kó da oúnjẹ nù.
Ṣùgbọ́n eruku jókòó. Ní abúlé Alágbàá,
aṣọ funfun tí wọ́n sá síta wọlé ní funfun.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, a bá màlúù lójú ọ̀nà.
Kì í ṣe pé wọ́n ń kọjá. Wọ́n dúró,
wọ́n tẹrí ba, ogójì ahọ́n ń lá ilẹ̀.
Típà mọ́kànlá tò sẹ́yìn, wọ́n ń fọn fèrè,
màlúù ò mọ̀ pé ẹnì kan ń bẹ láyé.
Ewúrẹ́ abúlé dé, àgùntàn dé,
òbúkọ arúgbó kan fi ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì kúnlẹ̀.
Búbà tó ń da ẹran náà nawọ́ sí wa:
"Ẹ̀yin lẹ tẹ́ tábìlì, ẹ tún ń lé àlejò!"

Ọlágbénjó ló dá a lóhùn.
Ó ti di ẹni tó ń ṣọ́ géètì, igi lábẹ́ abíyá,
ó rọra tiro dé àárín wọn,
ó gbọ́wọ́ lé ẹ̀yìn màlúù kan,
ó dúró níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kù sí.
"Ẹ pa ẹ́ńjìnnì," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n lá a tán.
Ohun tó wà nínú amọ̀ yìí ju iyọ̀ yín lọ."

A pa ẹ́ńjìnnì.
Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí,
n kò gbọ́ irú ìró yẹn rí:
ahọ́n púpọ̀ lára ilẹ̀, hẹ̀rẹ̀hẹ̀rẹ̀,
bí ẹni ń fi kànìnkànìn fọ ìkòkò níbi jíjìn.

Ní báyìí, omi ni ọ̀gá ní ká máa wọ́n.
Àpótí náà wà níbẹ̀, ó ń retí òjò.
Bí ọwọ́ mi bá dilẹ̀, mo máa ń fi èékánná họ ìdí rẹ̀.
Èyí tó já bọ́, n kò mọ̀ mọ́
bóyá tiwa ni, bóyá ti ìlú tí omi ti ń di òkúta.